Ṣé Sákíìtì Yìí Yóò Mì? Àgbéyẹ̀wò Ìdánwò Sígínà Kékeré Lórí Oscillator

Mú op-amp kan, resistor 10 kΩ méjì àti capacitor 10 nF méjì, so wọ́n pọ̀ ní ìlànà Wien bridge, kí o sì fi resistor méjì mìíràn ṣètò ìlọ́po op-amp náà sí 2.9. Ṣe irú rẹ̀ kejì gẹ́lẹ́, àmọ́ jẹ́ kí ìlọ́po tirẹ̀ jẹ́ 3.1. Bí o bá gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì, tí o tan iná sí wọn, ìyàtọ̀ wọn á hàn gbangba: àkọ́kọ́ á dákẹ́ jẹ́ẹ́, èkejì á máa mì ní nǹkan bí ìgbà 1,592 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wàyí o, kó wọn sínú SPICE, software tó ń ṣe ìṣirò sákíìtì. Fi ìṣàn iná AC tó jẹ́ 1 µA sí ẹsẹ̀ plus op-amp náà, kí o ní kí kọ̀ǹpútà ya bí fólítéèjì ibẹ̀ ṣe ga tó, láti 100 Hz dé 20 kHz. Àwòrán kan náà ni yóò yà fún àwọn méjèèjì, láìsí ìyàtọ̀ bíńtín: òkè ṣóńṣó kan ní nǹkan bí 1,592 Hz, tí ó ga tó 141 mV.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé á ní kọ̀ǹpútà purọ́. Kò purọ́ o. Ìbéèrè tí a bi í ló dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí nìyẹn: kí ni ìdánwò sígínà kékeré lè sọ fún wa nípa oscillator, kí ni kò lè sọ láéláé, ọ̀nà wo sì ni àwọn onímọ̀ ti là láti bi í ní ìbéèrè tó tọ́? Lójú tèmi, ìdánwò yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe oscillator kọ́kọ́ ṣe, ṣáájú ìdánwò tó ń tẹ̀lé àkókò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kàn án kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí SPICE ń ṣe gan-an. Nígbà tí a bá pàṣẹ .AC, ó kọ́kọ́ ń wá ipò ìsinmi sákíìtì náà, ìyẹn ibi tí gbogbo fólítéèjì àti ìṣàn iná máa dúró sí bí kò bá sí sígínà kankan. Lẹ́yìn náà, yóò mú transistor kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ìlà gbọọrọ rọ́pò ìtẹ̀kòrò rẹ̀ ní ibi ìsinmi yẹn. Transistor di gm kan (iye ìṣàn iná tí fólítéèjì kékeré ń mú jáde), resistor kan àti capacitor bíi mélòó kan. Láti ibẹ̀ lọ, ìṣirò ọgbọọgba lásán ló kù, frequency kan lẹ́yìn òmíràn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí sígínà pọ̀ jù mọ́. Bí o bá fi AC 1 A sí Wien bridge wa dípò 1 µA, yóò sọ fún ọ láìmira pé fólítéèjì ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 141,000 V, nínú sákíìtì tó ń lo bátìrì lásán.

Ìṣirò náà tún gbà pé gbogbo nǹkan ti wà lórí ìmì kan tó dúró déédéé, tí kò dínkù, tí kò sì ga sí i. Sákíìtì tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 3.1 kò lè wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ láé, torí sígínà rẹ̀ ń ga sí i ní ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ọgbọọgba náà ní ìdáhùn, SPICE á sì gbé e jáde. Nínú ìdáhùn yẹn, ohun tó ya sákíìtì tó ń kú sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń dàgbà kò sí nínú bí fólítéèjì ṣe ga tó. Inú phase ló wà. Ní 1,592 Hz, ti 2.9 wà ní −45°, ti 3.1 sì wà ní +135°. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti 0°, wọ́n sì parí síbì kan náà lókè lọ́hùn-ún. Àmọ́ ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, èkejì gòkè lọ.

Nítorí náà, àwòrán tí mo máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ níyànjú láti yà ni ti admittance tí a rí láti ẹsẹ̀ kan nínú sákíìtì náà, kí wọ́n ya conductance àti susceptance rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wá ibi tí susceptance ti ń gòkè kọjá òdo, kí o sì ka conductance níbẹ̀. Nínú Wien bridge wa, ti 2.9 jẹ́ +10 µS, ti 3.1 jẹ́ −10 µS. Òdì yẹn túmọ̀ sí pé sákíìtì náà ń fún ẹni tó ń dán an wò ní agbára dípò kí ó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣọ́ra kan wà níbẹ̀: kí resistance òdì hàn níbì kan ṣá kò tó. Bí o bá wo impedance sákíìtì 2.9, tí kì í mì rárá, apá resistance rẹ̀ náà di òdì lẹ́yìn nǹkan bí 1,680 Hz. Ìkọjá òdo yẹn ló ń sọ ibi tí a ó ti kà á. Ibi ìkọjá náà kì í sì í ṣe frequency tí sákíìtì á mì sí gẹ́lẹ́ bí Q (bí ìmì ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó kú) bá kéré: ti 3.1 kọjá òdo ní nǹkan bí 1,669 Hz, bẹ́ẹ̀ 1,592 Hz ni yóò padà sí nígbà tí ìmì rẹ̀ bá dúró.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń kọ́ni yàtọ̀ sí èyí. Orúkọ Heinrich Barkhausen, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Dresden, ni wọ́n fi ń pe ìlànà náà: gé lúùpù, wọn ìlọ́po sígínà tó yí i ká, bí ó bá jẹ́ 1, tí phase rẹ̀ sì jẹ́ òdo, sákíìtì á mì. Nínú Wien bridge, ó bá a mu wẹ́kú. Lúùpù 2.9 ní ìlọ́po 0.967 níbi tí phase ti jẹ́ òdo, ti 3.1 sì ní 1.033. Àmọ́ ìlànà yìí ń sọ ohun tí ìmì tó ti dúró déédéé gbọ́dọ̀ ní. Kò ṣèlérí pé lúùpù tí ìlọ́po rẹ̀ ju 1 lọ ní phase òdo á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, wọ́n mọ̀ nípa amplifier tí ìlọ́po lúùpù rẹ̀ ju 1 lọ ní phase òdo, tí kò sì mì. Ní 1932, Harry Nyquist, tí wọ́n bí ní Sweden, tẹ àlàyé rẹ̀ jáde: ohun tó yẹ kí a kà ni iye ìgbà tí ìlà ìlọ́po náà yí ojú ibì kan ká bí frequency ṣe ń lọ láti òdo dé òkè pátápátá. Ẹni tó bá ń wo ojú kan ṣoṣo lórí àwòrán Bode, tó sì ń dá ẹjọ́ látibẹ̀, kò tíì dé ibi tí Nyquist dé ní ọdún yẹn.

Gígé lúùpù fúnra rẹ̀ ní ìṣòro lórí kọ̀ǹpútà. Bí o bá gé e, ipò ìsinmi DC á bàjẹ́, transistor á lọ dúró síbi tí kì í dúró sí. Àwọn kan máa ń fi inductor tó tóbi gan-an dí ojú ibi tí wọ́n gé kí DC lè kọjá, kí wọ́n sì fi capacitor ńlá gbé sígínà wọlé. DC á dára, àmọ́ ẹrù tí apá kejì lúùpù ń gbé lé apá kìíní ti sọnù, ìlọ́po tí wọ́n wọ̀n kì í sì í ṣe ti sákíìtì tí wọ́n fẹ́ kọ́. R. David Middlebrook ní Caltech ló tú kókó yìí ní 1975: má gé lúùpù rárá, fi orísun fólítéèjì kan sínú okùn náà, wọ̀n ọ́n, fi orísun ìṣàn iná sí ojú kan náà, tún wọ̀n ọ́n, kí o sì da ìdáhùn méjèèjì pọ̀ sínú ìṣirò kan. Ní 2001, Michael Tian pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ken Kundert wà lára wọn, fẹ̀ ẹ́ kí ó lè bá lúùpù tí sígínà ń gbà lọ tó sì ń gbà bọ̀ mu. Ìyẹn ló wà nínú ìdánwò stb ti Spectre, software olówó kan tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti SPICE. Ẹni tí kò ní owó Spectre lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìṣirò náà sínú LTspice tàbí ngspice, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìlà bíi mélòó kan ni.

Ọ̀fẹ́ tí mo sọ yìí ní ìtàn. Yunifásítì California ní Berkeley ni SPICE ti jáde, lábẹ́ Donald Pederson. Laurence Nagel, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló kọ ọ́, wọ́n sì gbé e síta ní 1973. Iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni CANCER, tó bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì Ronald Rohrer. Pederson ta kú pé gbangba ni kí iṣẹ́ náà wà. Nítorí ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àgbéká lásán ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn lè ṣe gbogbo ìdánwò tí mo ti sọ títí di báyìí láìsan kọ́bọ̀ fún software. SPICE3 tún fi .PZ kún un, ó sì wà nínú ngspice: òun ń wá gbòǹgbò ọgbọọgba sákíìtì náà ní tààràtà, tí gbòǹgbò tí apá gidi rẹ̀ ju òdo lọ sì jẹ́ ìmì tó ń dàgbà. Fún Wien bridge, kò sí ohun tó dára jù ú lọ. Bí sákíìtì bá tóbi, ó máa ń kọsẹ̀, a ó sì padà sídìí admittance.

Ibi tí ìdánwò sígínà kékeré ti ń fi iyì rẹ̀ hàn jù lọ ni crystal. Nínú aago ara ògiri ní ọ̀pọ̀ pálọ̀, crystal quartz kékeré kan wà tó ń mì ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye yẹn jẹ́ 2 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí sákíìtì inú aago lè máa dá a sí méjì títí yóò fi ku ìgbà kan ṣoṣo. Nínú SPICE, inductor kan, capacitor kan àti resistor kan tó wà ní ìtòtẹ̀lé ni a fi ń rọ́pò crystal, pẹ̀lú capacitor C0 lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe tóbi sí: bí capacitor inú rẹ̀ bá jẹ́ 3 fF, inductor rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí 7,900 H. Ká ní resistance rẹ̀ jẹ́ 35 kΩ, tí transistor sì fún un ní resistance òdì tó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ìyẹn. Resistance òdì tó ṣẹ́kù á jẹ́ 140 kΩ, ìmì náà á sì máa di ìlọ́po 2.72 ní gbogbo ìdá 0.11 ìṣẹ́jú àáyá. Kí ìmì bíńtín tó di ìlọ́po mílíọ̀nù kan, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ á ti kọjá, ìyẹn nǹkan bí ìyípo 50,000.

Ẹni tó bá fẹ́ fi .TRAN, ìdánwò tó ń tẹ̀lé àkókò, rí ìyẹn, tó fi ìṣísẹ̀ 100 sínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, á ní ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún láti dúró dè. Bí ó bá wá fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí nígbà òtútù, nígbà oòrùn, nígbà tí bátìrì ti rẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú. Ìdánwò sígínà kékeré á sọ iye resistance òdì náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Eric Vittoz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland, ilẹ̀ àwọn oníṣòwò aago, to gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1988, ó sì ṣì wúlò dòní.

Fún àwọn tó ń fi crystal sí microcontroller, ìlànà kan wà tí àwọn tó ń ṣe chip máa ń tẹ̀ jáde. gm tó kéré jù tí sákíìtì oscillator tí wọ́n ń pè ní Pierce lè fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 4 × ESR × (2πf)² × (C0 + CL)²; ESR ni resistance crystal, CL sì ni capacitance tí sákíìtì gbé lé e. Crystal 8 MHz tí ESR rẹ̀ jẹ́ 80 Ω, tí C0 rẹ̀ jẹ́ 7 pF, tí CL rẹ̀ sì jẹ́ 10 pF, ń béèrè nǹkan bí 0.23 mA/V. Bí chip bá ní 5 mA/V, ó ti ju ìlọ́po 21 lọ. Ìlọ́po 5 ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ìṣirò sígínà kékeré pátápátá ni èyí, ó sì yẹ kí ó bá ohun tí .AC bá sọ mu. Bí wọn kò bá bára mu, capacitor kan wà lórí board tí a kò kà.

Nípa .TRAN fúnra rẹ̀, ohun méjì ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Èkíní ni pé sákíìtì náà kì í bẹ̀rẹ̀. SPICE wá ipò ìsinmi, ó fi sákíìtì síbẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ títí. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọ̀pá gígùn tí ọmọdé gbé dúró lórí ìka: nínú ayé, atẹ́gùn tó kéré jù lọ á bì í ṣubú, àmọ́ atẹ́gùn kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ariwo ooru inú resistor, tó ń ta oscillator gidi jí, kò sí nínú .TRAN bí a kò bá fi síbẹ̀. Nítorí náà, kí a jẹ́ kí fólítéèjì bátìrì gòkè láti òdo, tàbí kí a fi .IC fún capacitor kan ní fólítéèjì díẹ̀. Bí Wien bridge 3.1 wa bá bẹ̀rẹ̀ láti 1 µV, yóò dé 10 V ní nǹkan bí 32 ms.

Èkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí SPICE gbà ń rìn láti ìṣísẹ̀ kan dé èkejì ní àṣìṣe tirẹ̀. Ọ̀nà trapezoidal kì í dín ìmì kù, àmọ́ ó ń fà á sẹ́yìn: pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 20 nínú ìyípo kan, frequency á lọ sílẹ̀ ní ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú 100, á lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 330 ppm. Crystal tí wọ́n kọ ±20 ppm sí lára ni a ń dán wò o! Kí àṣìṣe tó dín kù sí 1 ppm, a nílò nǹkan bí ìṣísẹ̀ 1,800 nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Gear, ọ̀nà kejì tí SPICE lè gbà rìn, ń jẹ agbára ìmì ní tirẹ̀. Pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 100, Gear ìpele kejì á jẹ agbára bí ẹni pé Q sákíìtì náà kò ju nǹkan bí 8,000 lọ, bí Q crystal fúnra rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 50,000. Bí resistance òdì rẹ kò bá ju ti crystal lọ púpọ̀, oscillator tó dára pátápátá lè kú lórí kọ̀ǹpútà, kí o sì máa wá àléébù sínú transistor tí kò ṣẹ̀ ọ́.

Wàyí o, ohun tí ìdánwò sígínà kékeré kò lè sọ. Kò mọ bí ìmì á ṣe ga tó. Ìtẹ̀kòrò transistor ló ń dá ìmì dúró, ìtẹ̀kòrò yẹn náà sì ni a ti yọ kúrò. Balthasar van der Pol, tó ṣiṣẹ́ ní Philips ní Eindhoven, ló fi ọgbọọgba rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 fi hàn bí resistance òdì nínú ìmì kékeré ṣe ń yí padà di resistance lásán nínú ìmì ńlá, títí àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Bill Hewlett lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nínú oscillator tó ṣe ní Stanford ní 1939: ó fi gílóòbù kékeré kan sínú Wien bridge. Bí sígínà bá ga, okùn inú gílóòbù á gbóná, resistance rẹ̀ á pọ̀ sí i, ìlọ́po á sì rọra padà sí 3. Láti ara iṣẹ́ yẹn ni HP 200A, ọjà àkọ́kọ́ Hewlett-Packard, ti jáde. Ilé iṣẹ́ Disney ra mẹ́jọ irú rẹ̀, 200B, fún fíìmù Fantasia. Bí o bá fi gílóòbù náà sínú SPICE, .AC á kà á sí tútù, nítorí kò sí sígínà ní ipò ìsinmi. Ìdáhùn rẹ̀ á tọ́ fún ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, kò sì ní jẹ mọ́ ìgbà tí ó ti ń kọrin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo. Ẹni tó bá pàṣẹ .NOISE lórí oscillator ń wọn ariwo sákíìtì tí kì í mì. David Leeson fún wa ní ìlànà ìṣirò phase noise ní 1966, ó sì wúlò fún ìdíyelé kíákíá. Àmọ́ sígínà kékeré lórí oscillator tó ti ń mì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ojú ọ̀nà tí ìmì náà ń tọ̀. Aprille àti Trick ní Illinois ti fi hàn ní 1972 bí kọ̀ǹpútà ṣe lè wá ọ̀nà náà ní tààràtà láìdúró kí ìmì tò ara rẹ̀; fún oscillator, iye àkókò ìyípo náà jẹ́ ohun tí a kò mọ̀, a gbọ́dọ̀ wá a pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó fi ìlà gbọọrọ rọ́pò sákíìtì náà ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn. PSS àti PNOISE inú SpectreRF ń ṣe bẹ́ẹ̀. Hajimiri àti Lee ní 1998 fi hàn pé àsìkò tí ariwo bá kan oscillator láàárín ìyípo rẹ̀ ló ń pinnu bí yóò ṣe ba phase jẹ́. Ní 2000, Demir, Mehrotra àti Roychowdhury ṣàlàyé ìdí tí ìlà gbọọrọ fi ń kùnà nítòsí frequency tí ìmì wà gan-an: kò sí ohun tó ń dá phase padà sí àyè rẹ̀, ó ń rìn lọ láìní ìdádúró, bí ó ti wù kí ariwo náà kéré tó. Inú software olówó ńlá ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ yìí ṣì wà, èyí sì dùn mí, torí ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ rédíò lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń há sí.

Kókó kan kù tí àwọn ìwé kì í tẹnu mọ́ tó. Ibi tí a retí ìmì sí nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń wò, bẹ́ẹ̀ sákíìtì lè ní ibòmíràn tó wù ú. Crystal 48 MHz tó ń ṣiṣẹ́ lórí overtone kẹta ní ìmì ìpìlẹ̀ ní nǹkan bí 16 MHz. Resistance òdì tí transistor ń fún un nínú sákíìtì Pierce ń dín kù bí frequency ṣe ń pọ̀, ní ìlọ́po ara rẹ̀; nítorí náà, ní 16 MHz, ó tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ti 48 MHz. Bí a kò bá fi inductor pa ti ìsàlẹ̀ yẹn, 16 MHz ni yóò mì sí. Àmọ́ àwòṣe crystal tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sínú SPICE ní ẹ̀ka kan ṣoṣo, ti 48 MHz. Fi ẹ̀ka kejì sí i fún 16 MHz, pẹ̀lú ESR tirẹ̀, kí o ya conductance láti 1 MHz dé 200 MHz, kí o sì wo gbogbo ibi tí susceptance ti kọjá òdo, lọ́kọ̀ọ̀kan.